Ihò Dúdú Ẹ̀yìn Eruku

Lẹ́tà náà ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, pé wọ́n ti gbà kí obìnrin onímọ̀ ìràwọ̀ kan fi awò ẹ̀kísíréè ńlá tó wà lójú òfuurufú wo ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó bèèrè fún, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ wọlé. Kíá ni obìnrin náà pa kọ̀ǹpútà dé.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ rántí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mi yẹn?"

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ yìí ní ihò dúdú ńlá kan tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì fara pa mọ́ sẹ́yìn eruku ibẹ̀. Obìnrin náà ló ní irọ́ ni, kó jù ú nù. Ọmọ náà kò tíì délé tí olùkọ́ rẹ̀ fi da gbogbo ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ kọ. Látìgbà náà, kò lè wò ó lójú.

"Mo rántí."

"Mo wà lára àwọn tó yẹ ìwé tí wọ́n fi ń bèèrè láti lo awò ẹ̀kísíréè wò lọ́dún yìí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọn kì í kọ orúkọ sí i. Ẹnì kan tún ti rí ihò dúdú náà, mà! Máàkì tó ga jù ni mo fún un."

"O ò bínú?"

"Bínú kẹ̀? Ṣé baba mi ló ni ojú ọ̀run ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde. Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú padà.

"Nínú ìwé mi nígbà yẹn, mo ṣi ọ̀kan kọ nínú àwọn nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà wà. Mẹ́fà ni mo kọ síbi tó yẹ kí n kọ mẹ́sàn-án. Ibi tó ṣófo ni awò náà ì bá máa wò. Mo ti bá yín tún un ṣe nínú tiyín, mà."