Akínbíyì Kò Lè Sọ Pé Òun Kò Mọ̀

Akínbíyì ará Ìkirè ní àléébù kan: kò sí ìbéèrè tí yóò jẹ́wọ́ pé òun kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí o bá bi í ní ọ̀nà ibi tí kò dé rí, yóò nawọ́ síbì kan.

Ìwà yìí ló gbé dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, ní ilé orí òkè tí wọ́n ti ń fi awò ńlá wo ìràwọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó bá gbẹ̀yìn oṣù, wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ará ìlú, èèyàn a sì wọ́ wá láti Àpòmù àti Gbọ̀ngán. Akínbíyì ló ń tò wọ́n sí ìlà, òun náà ló ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí. Ìràwọ̀ tí kò bá mọ orúkọ rẹ̀, a fún un ní èyí tó bá wù ú. Wọ́n ń pè é ní Pírọ́fẹ́sọ̀, orí rẹ̀ sì ń wú.

Ọ̀gá rẹ̀, Ìyáàfin Kòfowórọlá, gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó sì pè é sẹ́yìn.

"Akínbíyì, ohun tí o kò bá mọ̀, sọ pé o kò mọ̀. Kò sẹ́ni tí yóò bú ọ."

Ó ní òun ti gbọ́. Kò gbọ́.

Ní Jímọ̀ kan, ọ̀gá lọ sí Ìbàdàn, ó sì kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan kí òun tó dé. Awò tí wọ́n fi wo oòrùn lọ́sàn-án ṣì wà níta, gíláàsì dúdú bo ẹnu rẹ̀. Àwọn ará Àpòmù tètè dé, oòrùn kò tíì wọ̀. Sìlífátù, ìyá kan tó ń dín dòdò tà létí títì, wà lára wọn. Wọ́n bẹ Akínbíyì kí ó jẹ́ kí àwọn wo oòrùn, ó sì gbà. Sìlífátù wò ó, ó ní ó ṣe bàìbàì, ó wá béèrè iṣẹ́ tí gíláàsì dúdú yẹn ń ṣe.

Akínbíyì kò mọ̀. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ni èkúté ilé fi ń pe ológbò níjà.

"Nítorí eruku ni," ló fi dáhùn, ó sì yọ gíláàsì náà kúrò. "Ẹ tún wò ó, màmá."

Sìlífátù gbé ojú ọ̀tún lé e, ó sì fà sẹ́yìn lójijì, ó ní òkùnkùn bo ojú náà. Akínbíyì ní bí oòrùn ṣe máa ń ṣe nìyẹn, yóò lọ láìpẹ́. Nígbà tó rí i pé àwọn èèyàn ń wo òun tìfura-tìfura, ó gbé ojú tirẹ̀ náà lé awò, kí wọ́n lè gbà pé kò séwu.

Òkùnkùn náà kò lọ. Dókítà sọ fún àwọn méjèèjì pé oòrùn ti jó ẹyinjú wọn nínú, kò sì sí oògùn rẹ̀. Wọ́n lé Akínbíyì níbi iṣẹ́, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ilé awò mọ́ ará ìlú títí dòní.

Ó mú àwọn ẹbí rẹ̀ lọ bẹ Sìlífátù. Wọ́n bá a nídìí iná. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá òróró gbígbóná, nítorí kò mọ bí agbada ṣe jìnnà tó mọ́.

"Mo gbà ọ́ gbọ́ ni," ló sọ fún un.

Akínbíyì ṣì wà ní Ìkirè pẹ̀lú ojú kan. Kódà bó bá sọ òótọ́ lónìí, ẹni tó gbọ́ yóò kọ́kọ́ lọ bi ẹlòmíràn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Àwọn àgbà ní abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n bí ẹni tí a bi bá jẹ́ òpùrọ́, abéèrè yóò ṣìnà. Kí á má ṣe tijú àìmọ̀. Ẹni tó bá fi irọ́ bo àìmọ̀ tirẹ̀, ó lè jẹ́ ojú ẹni ẹlẹ́ni ni yóò fi san án.