Ọkọ̀ Bàbá Janet Tún Ń Gbọ̀n

"Mẹkáníìkì, tètè wá o! Ọkọ̀ Bàbá Janet tún ń gbọ̀n. Bùọ̀dá mi ń ti Èkó bọ̀ lọ́la, wọ́n fẹ́ wà á lọ síbi ìgbéyàwó ní Èsìẹ́."

Màmá Janet ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lórí fóònù.

Mo sáré dé ilé wọn ní Òmù-Àrán. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ ọdún òmìnira tí ọkọ rẹ̀ jogún.

Ọ̀pá ṣáàfù tó ń yí taya ẹ̀yìn ló wà lódì! Àmì ọ̀dà funfun ara rẹ̀ kò kọjú sí àmì tó wà níbi tí wọ́n ti dè é.

"Bàbá, mẹkáníìkì jákujàku wo ló de èyí?"

Bàbá wúkọ́.

Mo tú u. Mo yí i títí àmì méjèèjì fi ṣe wẹ́kú, mo sì dè é le.

A wà á lọ sí Rore láti dán an wò. Kí a tó débẹ̀, Màmá ti ń hanrun lẹ́yìn ọkọ̀.

Bí a ṣe padà dé, Màmá sáré wọlé lọ pe bùọ̀dá rẹ̀ lórí fóònù.

Bàbá súnmọ́ mi.

"Ọmọ mi, èèyàn kì í fi ọkọ̀ du àna. Àmọ́ Kérésì tó kọjá, àna mi yìí wà á wọ kòtò."

Ó yọ sípánà lápò.

"Dákun, yí i padà sí bí mo ṣe dè é."