Ọwọ́ Òsì Nídìí Ìlù

Láti àárọ̀ ni gúrúùpù orí fóònù tí àwa olólùfẹ́ ẹgbẹ́ olórin kan wà ti gbóná janjan.

Alẹ́ àná ni ẹgbẹ́ náà tún jọ ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n ti tú ká.

Ọmọbìnrin tuntun tó ń lùlù fún wọn ni àwọn ará gúrúùpù dájú sọ.

Ẹnì kan tó ń jẹ́ Télọ̀ níbẹ̀ kọ ọ́ pé: "Ta ló ń fi ọwọ́ òsì ṣáájú nídìí ìlù? Ẹ dá onílù àtijọ́ padà fún wa o!"

Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ èsì. Mo ní: "Ṣé ìlù ṣìnà ni?"

Télọ̀ dá mi lóhùn: "Kò-kàn-mí, jẹ́ ká rímú mí jàre!"

Kò-kàn-mí lorúkọ tí mò ń jẹ́ níbẹ̀.

Fóònù dún. Ọmọ mi ni, ó ń sunkún.

"Bàbá, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Mi ò lùlù mọ́."

"Irọ́ ni. Wàá lù ú níbi eré yín ọjọ́ Sátidé, òsì náà lo sì máa fi ṣáájú."

Mo padà sórí gúrúùpù:

"Èmi ni onílù àtijọ́ tí ẹ ń wá. Ó di ọdún mẹ́fà tí rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀tún mi. Òsì tó kù ni mo fi kọ́ ọmọ mi nílù, ohun tó rí ló kọ́. Ẹni tó bá ní kò dùn, ó ṣáà ní ọwọ́ méjì. Kó fi di etí ẹ̀."