Ọmọ Tó Mọ́ Nìkan Ni Ti Òbúkọ

Ẹ gba àlọ́ yìí lẹ́nu mi, bóyá inú tó ń bí mi á rọlẹ̀. Ó já lé Òbúkọ lórí, òun àti Ewúrẹ́, ìyàwó rẹ̀.

Bí Ewúrẹ́ bá ti wẹ ọmọ wọn, tó fi òrí pa á lára, Òbúkọ á gbé e káàkiri àdúgbò: "Ẹ wá wo ọmọ mi!" Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣèèṣì ṣu, "Gba ọmọ ẹ!" nìyẹn. Ewúrẹ́ á wá máa kọrin nídìí aṣọ ìdọ̀tí. Ẹ bá a gbè é:

Ó mọ́, ó di tìrẹ —
*Gba ọmọ ẹ!*
Ó ṣu, ó di tèmi —
*Gba ọmọ ẹ!*
Ṣé èmi nìkan ni mo bí i?
*Gba ọmọ ẹ!*

Lọ́jọ́ kan, Erin tó jẹ́ ọba ní kí àwọn tó bímọ tuntun wá gba ilẹ̀ oko. Òbúkọ wọ agbádá, ó já ọmọ gbà níbi tó ti ń mu ọmú.

Ewúrẹ́ ní, "Kò tíì gùnfẹ̀ o!"

"Ọmọ mi ni!"

Ewúrẹ́ tẹ̀ lé e. Iwájú Erin gan-an ni ọmọ ti bi ọmú sí Òbúkọ láyà, tó tún ṣu lé e. Òbúkọ gbàgbé ibi tó wà, ó jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀: "Gba ọmọ ẹ!"

Erin ní, "Ọmọ ta ni?"

"Tirẹ̀ ni, Kábíyèsí!"

"Tirẹ̀ náà ni ilẹ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, Òbúkọ ju agbádá sí Ewúrẹ́ pé kó fọ̀ ọ́. Ewúrẹ́ jù ú padà: "Gba aṣọ ẹ!"

Kò mọ aṣọ fọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ̀ ọ́, òórùn yẹn ló sì ń bá a kiri títí dòní.

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ mi dé. Ẹ̀yin bàbá tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbóórùn ara yín wò.