Ọtomátíìkì Bàbá Leah

Mẹkáníìkì nu gíríìsì kúrò lọ́wọ́, ó ní kí Bàbá Leah wọnú ọkọ̀, kó ṣíná. Ó ti yọ gíà àtijọ́ kúrò lára ọkọ̀ bàbá, ó ti fi ọtomátíìkì tòkunbọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì rọ́pò rẹ̀, torí orúnkún òsì bàbá kò jẹ́ kó lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Òní ni Leah ń ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ọjà Osi.

Bàbá jókòó, ó na ọwọ́ síta, ó gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀. Jẹ̀lílì, aládùúgbò rẹ̀, àti àwọn mìíràn tí wọ́n ti wọṣọ ìgbéyàwó bá ká apá agbádá, wọ́n bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀.

Mẹkáníìkì bi í pé, "Bàbá, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ tì í ni. Bó ṣe máa ń ṣíná nìyẹn."

"Bátìrì yín ńkọ́?"

"Ẹni tí kò láládùúgbò ló ń ra bátìrì."

Mẹkáníìkì mọ̀ pé irú gíà yìí kì í jẹ́ kí wọ́n fi títì ṣíná ọkọ̀. Bí gbogbo Osi tì í dé Iloffa, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn. Ó fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ń lọ. Òun náà bá fi èjìká tì í.

Wọ́n tì í kọjá ọjà, wọ́n tì í gun òkè. Leah ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó tún fìlà ṣe, ó di mẹkáníìkì tí òógùn ti bò lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, o káre. Gíà yìí mà rọ̀ o. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì."