Funfun Tí Kámẹ́rà Mọ̀

Ní ọjọ́ kẹrin tí onífọ́tò bímọ, ó tẹ́ ìkókó sórí ìrọ̀rí, ó yà á ní fọ́tò. Nígbà tó wo fọ́tò náà, àyà rẹ̀ já. Ara ọmọ pupa rúsúrúsú, ẹyinjú rẹ̀ náà pọ́n. Bí ibà pọ́njú ṣe bẹ̀rẹ̀ lára àkọ́bí rẹ̀ nìyẹn, ọmọ náà kò sì lo ọ̀sẹ̀ méjì láyé.

Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn ìlú kejì. Ẹ̀gbọ́n pè é lójú ẹsẹ̀.

“Mi ò lè fi èyí mọ nǹkan kan. Ìrọ̀rí pọ́n, ògiri pọ́n. Ṣé inú ọsàn lẹ ń gbé ni? Ṣebí iṣẹ́ ẹ ni! Ya òmíì tí àwọ̀ ẹ̀ péye. Tó bá jẹ́ ibà yẹn ni, kẹ́ ẹ máa bọ̀ kíákíá.”

Onífọ́tò gbé kámẹ́rà rẹ̀. Ó pe ọkọ rẹ̀, tó ti ń sùn láti àárọ̀. Ọkọ jáde, ó ń họ apá. Oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn án.

“Èmi bímọ, ẹ̀yin ló ń rẹ̀,” ni ìyàwó wí.

“Ìyá Ìkókó, fọkàn balẹ̀. Gílóòbù yìí àti kọ́tìnì yìí ló ń parọ́ mọ́ ọmọ.”

Ó pa gílóòbù, ó ká kọ́tìnì aláwọ̀ ìyeyè kúrò lójú fèrèsé, ó wá jókòó kó lè mí.

Kámẹ́rà kò mọ funfun fúnra rẹ̀. Èèyàn ló máa fi hàn án. Onífọ́tò gbé bébà funfun síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yà á kó kún ojú kámẹ́rà, ó sì fi han kámẹ́rà náà pé funfun nìyí. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọkọ gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kó di bébà náà mú sábẹ́ àgbọ̀n wọn.

“Ó ti lajú,” ni ọkọ wí.

Onífọ́tò tẹ kámẹ́rà, òun fúnra rẹ̀ dijú. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó wo ohun tó yà. Ó kàn fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gba ọmọ, ó gbá a mọ́ra, ó ń gbàdúrà tí kò yé òun alára.

Fóònù dún. Ọkọ gbé e, ó tẹ̀ ẹ́ kí àwọn méjèèjì lè gbọ́.

“Ẹyinjú ọmọ funfun bí òwú,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Kò sí nǹkan tó ń ṣe é.”

Onífọ́tò bú sẹ́kún. Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí òun ti sọ bẹ́ẹ̀.

“Ṣùgbọ́n àbúrò mi,” ni ohùn ẹ̀gbọ́n tún wí, “mú ọkọ ẹ wá síbí lọ́sàn-án yìí, má sì jẹ́ kó wa mọ́tò, torí ẹyinjú tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà yẹn pọ́n ju ti àkọ́bí yín lọ.”