Japheth Fi "w" Ṣí Fáìlì

Japheth ń pòṣé sí Rachel, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ní yàrá kọ̀ǹpútà l'Ágọ̀-Ìwòyè.

"Ìwọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ lásán, kí lo mọ̀ nípa èdè kọ̀ǹpútà C?"

"Kíkà la fẹ́ ka fáìlì yẹn. Fi 'r' ṣí i. 'w' wà fún kíkọ, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló máa nù dànù."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

Japheth ọ̀gá wa tẹ "w".

Fáìlì ṣófo. Ẹ̀dà míì ò sí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Tún un tẹ̀. Ìsọkúsọ tó o gbà lẹ́nu àwọn arúgbó ìlú wa Efire, kí ló wà ńbẹ̀?"

Rachel wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

"Oríkì ìdílé yín ni. Ìyá bàbá ẹ ló kì í fún mi kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní o kì í ráyè jókòó gbọ́ ọ."